Ó Le Ni, àbí Ó Kàn Ń Dáni Lágara?

Ẹ bi ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù RPG ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, pé kí ló ń bí i nínú jù nídìí ìjà inú rẹ̀, kò ní sọ pé ọ̀tá lágbára jù. Ohun tó máa sọ ni pé òun ti ń ṣá ọ̀tá kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti mú iná wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tán, òun ò sì rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wí ni ìlà tó máa ń wà lórí ọ̀tá, tó ń dínkù bí a bá ṣe ń lù ú. Bó bá gbẹ, ọ̀tá kú. Ta ló ń pinnu bí ìlà yẹn ṣe máa gùn tó, kí ló sì ń wò kó tó pinnu? Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn ò sì tíì tẹ́ àwọn tó ń gbá a lọ́rùn.

Ẹni tí kò bá mọ RPG, kó má ṣe rò ó mọ́ géèmù bọ́ọ̀lù táwọn ọmọ ń sanwó gbá ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀lù á parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. RPG lè gba wákàtí 40, ó lè gba 100. Akọni kan lo máa jẹ́ nínú rẹ̀, ìwọ àti ọ̀bẹ kékeré kan lẹ jọ máa bẹ̀rẹ̀. Wàá jà, wàá gba máàkì ìrírí, máàkì á gbé ọ gòkè láti ìpele kan sí èkejì, wàá ra idà tó dára ju ti àná lọ. Àwọn tó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ti bá Àkàrà-ògùn rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àyàfi pé òǹkọ̀wé ló bá a pinnu bí ìjà kọ̀ọ̀kan ṣe máa parí.

Ní Ìbàràpá, orí fóònù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wáyé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ẹ̀rọ géèmù PS2 tòkunbọ̀ náà ṣì wà nílé àwọn míì. Iná ń wá, iná ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwọn tó ń ṣe géèmù ní Tokyo tàbí ní Maryland ti Amẹ́ríkà ò fi í sọ́kàn.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀rọ̀ yìí, èèyàn ló ń díwọ̀n ìjà. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi bébà, ẹnu àti dáìsì ṣe. Ibẹ̀ ni RPG ti jogún òǹkà ẹ̀jẹ̀ àti ìpele. Ṣùgbọ́n ẹnì kan máa ń jókòó sídìí tábìlì náà tó ń sọ ìtàn, tó ń darí àwọn ọ̀tá. Bó bá rí i pé ìjà kan fẹ́ pa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́ láìtọ́jọ́, ó lè jẹ́ kí ọ̀tá kan sá lọ, ó lè ju dáìsì sẹ́yìn páálí kó sì pe òǹkà tó wù ú. Bó bá sì rí i pé wọ́n ti ń yán, á mú ọ̀tá míì wọlé láti ojú fèrèsé.

Ayò ọlọ́pọ́n tiwa náà ò ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè rọrùn. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí òpè bá jókòó ti ọ̀ta, ọ̀ta ló mọ bí òun ṣe máa ṣe é: ó lè jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó sì fi í ṣẹ̀sín fún gbogbo ẹni tó dúró, ó sì lè fa ọwọ́ sẹ́yìn kí ọmọ náà rí ojú ayò. Òfin ayò pàápàá dá sí i. Bí ilé ẹnì kejì bá gbẹ, tí o sì ní ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o ta á fún un. Òfin yẹn ò sọ òpè di ọ̀ta, kò sì gba ayò tí wọ́n ti jẹ padà. Ó kàn ń jẹ́ kí eré ṣì jẹ́ eré títí yóò fi parí.

Kọ̀ǹpútà gba òǹkà lọ́wọ́ eré orí tábìlì, kò gba ẹni tó jókòó síbẹ̀. Lójú tèmi, gbogbo àròyé tí àwọn èèyàn ń ṣe nípa ìjà RPG, àyè ẹni yẹn tó ṣófo ló ń bí i.

Ẹ wo Dragon Quest, tí Yuji Horii ṣe ní Japan ní 1986, tó di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí o bá kú níbẹ̀, iwájú ọba lo máa jí sí, ìdajì owó rẹ ti lọ, àmọ́ máàkì ìrírí rẹ pé pérépéré. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni Horii hù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa há sójú kan títí láé, nítorí gbogbo ikú ṣì ń sún un síwájú díẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣí ìlẹ̀kùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọgbọ́n. Ẹni tí kò bá lè borí dírágónì á padà sí pápá, á máa yí ká, á máa pa ẹran kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan títí òǹkà rẹ̀ á fi pọ̀ tó. Sùúrù ló fi borí. Iṣẹ́ oko ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọ́n pè é ní ìjà.

Láti yẹra fún ìyẹn, àwọn kan ní kí ayé máa gòkè bí akọni bá ṣe ń gòkè. Oblivion, tí Bethesda ti Maryland gbé jáde ní 2006, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ títí dòní, àpẹẹrẹ burúkú sì ni. Wọ́n rò pé ibikíbi tí o bá yà sí, ìjà tó bá agbára rẹ mu lo máa bá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí o bá ti dàgbà nínú géèmù náà, ọlọ́ṣà ẹ̀bá ọ̀nà á já lù ọ́, á ní kí o mú góòlù 100 wá, ìhámọ́ra dígí tó ń tàn yanranyanran ló wọ̀ sọ́rùn. Kí ló ń fi 100 ṣe, nígbà tó bá lè ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kó sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ? Èyí tó tún burú jù ni pé kì í ṣe ìjà nìkan ló ń gbé èèyàn gòkè ìpele níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá wà lára iṣẹ́ tí o yàn fún akọni rẹ, tí o sì ń fi ẹnu dídùn bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ kiri ìlú, ìpele rẹ á gòkè, àwọn ọ̀tá á gòkè pẹ̀lú rẹ, idà rẹ á sì wà níbi tó wà. Ẹni tó gòkè di aláìlágbára. Àwọn kan rí i pé ó sàn káwọn má sùn rárá nínú géèmù náà, nítorí ojú oorun ni ìpele tuntun ti ń wọlé.

Skyrim, àbúrò rẹ̀ tó jáde ní 2011, tún èyí ṣe díẹ̀, ó sì lọ dẹ́ṣẹ̀ síbòmíì. Ìpele tó le jù, tí wọ́n fi kún un ní 2013, ò kọ́ ọ̀tá ní ọgbọ́n kankan. Ìṣirò méjì péré ló ṣe: ohun tí idà rẹ yẹ kó ṣe lára ọ̀tá, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣẹ́kù; ohun tí idà ọ̀tá ń ṣe lára rẹ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọlọ́ṣà tó yẹ kó ṣubú lẹ́yìn ìṣá mẹ́ta wá ń gba méjìlá. Kò sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà jà, ó kàn pẹ́ kó tó kú. Èyí gan-an ni ọmọ Ìdèrè yẹn ń bínú sí. Nígbà tí wọ́n sì tún Oblivion ṣe fún àwọn ẹ̀rọ òde òní ní 2025, lára ìráhùn tó jáde ni pé àlàfo tó wà láàárín ìpele àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ti fẹ̀ jù: ọ̀kan rọrùn bí ẹni ń ṣeré, èkejì bí ẹni ń gé irin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ki ìpele kan bọ àárín wọn. Òǹkà ni wọ́n tún fi wo àrùn òǹkà.

Àwọn míì wà tí ìjà wọn ní ọgbọ́n nínú, àmọ́ tí wọ́n fi àkókò ẹni ṣòfò. Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan nígbà tó ń gbá Final Fantasy X, ti 2001, lórí PS2 tòkunbọ̀ kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Yunalesca. Obìnrin yìí máa ń sọ àwọn tó ń bá a jà di òkú tó ń rìn, tó fi jẹ́ pé bí o bá fi oògùn ìwòsàn sí wọn lára, oògùn á pa wọ́n lára. Gbogbo ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ á sáré wẹ àrùn náà kúrò. Ó sì ń dúró de ìyẹn. Nígbà tó bá para dà di ìrísí rẹ̀ kẹta, á rán ikú sí gbogbo ẹni tó wà láàyè, ẹni tó ti jẹ́ òkú tẹ́lẹ̀ nìkan ni kò ní kú. Ìjà náà jinlẹ̀, mi ò lè purọ́. Ẹni tó bá mọ àṣírí rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí o tó lè tún un gbìyànjú, wàá kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn tó máa ń ṣáájú ìjà náà, látòkèdélẹ̀, kò sí bọ́tìnì tó lè fò ó. Ọmọ náà ò kọ ikú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ̀. Ìgbà tó tún ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ ni iná lọ, ó ká pádì jọ, ó sì jáde lọ ra bọ́ọ̀lì.

Ti Pathfinder: Kingmaker, tó jáde ní 2018, tún rí bákan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ní kí o lọ já èso kan wá nínú ihò àpáta, àwọn aláǹtakùn kéékèèké sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣù pọ̀. Idà ò ràn wọ́n, iná ló ń ràn wọ́n. Ẹni tó ti ń ta eré orí tábìlì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra géèmù ò mọ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé, bàbá, gbé ògùṣọ̀ dání.

Ní báyìí, kí ni àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa ń ṣe sí i? Wọ́n ti wá oògùn tiwọn, orí fóònù sì ni wọ́n ti rí i. PPSSPP, áàpù tí Henrik Rydgård bẹ̀rẹ̀ ní 2012, máa ń jẹ́ kí fóònù Android gbá àwọn géèmù PSP àtijọ́. (Ọ̀rọ̀ bí àwọn géèmù náà ṣe ń dé orí fóònù jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, mi ò ní dá a níbí.) Lára ohun tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ ni Crisis Core, ọ̀kan nínú ẹbí Final Fantasy VII. Géèmù náà ní àṣà kan tó ń múnú bí èèyàn: nígbà tí o bá ń jà, àwòrán àti òǹkà mẹ́ta á máa yí gbirigbiri ní igun ojú fóònù bí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, bí 7 mẹ́ta bá tò léra ni ìpele rẹ tó lè gòkè. Lábẹ́lẹ̀, géèmù náà ń ka iṣẹ́ tí o ṣe. Lójú ẹni tó ń gbá a, oríire ni.

Àmọ́ PPSSPP ní ohun kan tí PSP fúnra rẹ̀ ò ní. O lè tọ́jú ibi tí o dé nígbàkígbà, àní nígbà tí idà ọ̀tá ṣì wà lókè. Bí fóònù bá fẹ́ kú, o tọ́jú rẹ̀. Bí 7 ò bá tò, o padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, o tún un ta. Nǹkan méjì ni bọ́tìnì kan ṣoṣo yìí ń ṣe, wọn ò sì jọra. Ó gba ọmọ Ìbàràpá lọ́wọ́ iná tó ń ṣe ségesège, ìyẹn sì tọ́ sí i. Ó tún gbà á lọ́wọ́ ìjà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú lẹ́yìn gbogbo ìṣá tó wọlé á borí gbogbo ọ̀gá àwọn ọ̀tá tó wà nínú géèmù láìmọ bí a ṣe ń ja ọ̀kankan nínú wọn. Mo mọ àwọn tó parí Crisis Core bẹ́ẹ̀. Bi wọ́n léèrè bí ìjà ìkẹyìn ṣe lọ, wọn ò rántí.

Ibí ni ilé iṣẹ́ FromSoftware ti Japan wọlé sí. Hidetaka Miyazaki ló darí Demon's Souls ní 2009 àti Dark Souls ní 2011. Lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ ìnira inú géèmù di ohun tí àwọn tí kì í gbá géèmù pàápàá ń gbọ́. Sekiro wọn tó jáde ní 2019 dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn òǹkọ̀wé géèmù: ṣé ó yẹ kí wọ́n fi ìpele ìrọ̀rùn sí i tàbí kò yẹ? Àwọn kan ní àwọn tí ọwọ́ wọn ò dá ṣáṣá náà lẹ́tọ̀ọ́ láti rí òpin ìtàn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn kan ní ìnira yẹn gan-an ni géèmù náà, àwọn náà ò parọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sọ ni pé òǹkà kọ́ ni ìnira Sekiro. Ọ̀nà ìjà ló ń kọ́ni, ìpele ìrọ̀rùn tó bá sì kàn gé ẹ̀jẹ̀ ọ̀tá sí méjì á jẹ́ kí èèyàn kọjá láìkọ́ ọ.

Elden Ring, tí FromSoftware náà gbé jáde ní 2022, ló sún mọ́ ohun tí mò ń wá jù. Ẹ bá mi wo Margit, ọ̀gá àkọ́kọ́ tó ń lé àwọn èèyàn padà ní ẹnu ọ̀nà ilé olódi Stormveil. Ó gbé ọ̀pá sókè. O ti gbá géèmù rí, o sì mọ̀ pé bí ọ̀tá bá gbé nǹkan sókè, o máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. O yí. Ọ̀pá ò tíì wálẹ̀. Ìgbà tí o ń nàró ló tó wálẹ̀, orí rẹ ló sì wálẹ̀ sí. Margit ń fìyà jẹ ọ nítorí pé ìgbésókè ni o ń wò, kì í ṣe ìsọ̀kalẹ̀. Nígbà tí o bá ti kú tó, ojú rẹ á kúrò lára ọ̀pá, á lọ sí èjìká rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, o ti mọ nǹkan tó máa wúlò fún ọ títí ìparí.

Bí o ò bá sì fẹ́ kọ́ ọ báyìí, ọ̀nà míì wà. O lè yà kúrò níbẹ̀, kí o lọ rìn káàkiri gúúsù, kí o dàgbà, kí o padà. O lè pe Rogier, tó máa bá ọ jà lẹ́nu ọ̀nà. Aláròóbọ̀ kan tó ń jẹ́ Patches ń ta ẹ̀wọ̀n kan tó lè dè Margit mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lórí ilẹ̀ sì ni o máa rí ọ̀rọ̀ tí àwọn míì tó ń gbá a, tó ti kú síbẹ̀, kọ: ìkìlọ̀, irọ́, yẹ̀yẹ́. Kò sí bọ́tìnì ìrọ̀rùn, àmọ́ àyè ẹni tó jókòó sí tábìlì ò ṣófo pátápátá mọ́. Ó dùn mí láti fi kún un pé dátà ló ń mú àwọn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn wá. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán ń dá jà.

FromSoftware náà ò mọ́ tán. Nígbà tí àfikún Elden Ring, Shadow of the Erdtree, jáde ní June 2024, ìráhùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kún agbára àwọn tó ń gbá a láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìráhùn kan wà tí kì í dún tó bẹ́ẹ̀: pé ó rọrùn jù. Ní The Witcher 3 ti 2015, ìkookò mẹ́ta lè fa Geralt, akọni rẹ̀, ya ní ìbẹ̀rẹ̀; bí o bá fi máa dé ìdajì, tí o sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sí ohun tó tó ẹrù bà á. Clair Obscur: Expedition 33, tí àwọn ará Faransé kan ṣe ní 2025, ní ìjà tó dùn gan-an, tí o máa ń fi etí àti ojú gba ìlù ọ̀tá dànù. Bó bá fi máa di apá kẹta rẹ̀, akọni rẹ lè ti lágbára débi pé ìlù kan ló máa pa ọ̀gá tí wọ́n ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n kọ orin fún. Àwọn tó ń gbá a wá ń bọ́ agbára kúrò lára akọni wọn kí ìjà lè jẹ́ ìjà. Iṣẹ́ ọ̀ta tó fa ọwọ́ sẹ́yìn fún òpè nìyẹn, àwọn tó ra géèmù ló sì ń ṣe é.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni ti Larian, ilé iṣẹ́ Belgium tó ṣe Baldur's Gate 3 ní 2023. Nígbà tí wọ́n fi ìpele tó le jù kún un ní ìparí ọdún yẹn, wọ́n fún àwọn ọ̀gá ní ìwà tuntun: ọ̀kan lè gbẹ̀san nígbà tí kò kàn án, òmíràn lè yí ètò ìjà padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti mọ ìjà náà tẹ́lẹ̀ á tún un kọ́. Ìpamọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gba èèyàn láyè fún. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá kú, ìrìn náà ti parí.

Nítòsí wa, Kiro'o Games ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní April 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọrọ owó lọ́wọ́ ará ayé lórí Kickstarter. Olivier Madiba ló ṣáájú wọn. Enzo, ọmọ ọba Zama, ni wọ́n gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti Erine ìyàwó rẹ̀ wá jáde lọ wá agbára àwọn baba ńlá. Inú mi dùn sí i pé tọkọtaya ló jọ ń jà: Enzo níwájú, Erine ń wò ó sàn, ó ń rán idán sí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá kéékèèké rẹ̀ jọra jù, ẹ̀jẹ̀ wọn sì gùn ju ọgbọ́n wọn lọ, àìsàn tí mo ti ń sọ bọ̀ látòkè.

Ní Nàìjíríà, àwọn bíi Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, dojú kọ géèmù fóònù kéékèèké tó máa ń parí kíákíá, mi ò sì bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé RPG síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ní àpẹẹrẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Fire Emblem tó dé Amẹ́ríkà lórí Game Boy Advance ní 2003 ń fúnra rẹ̀ tọ́jú gbogbo ìṣísẹ̀ láàárín ìjà. Pa ẹ̀rọ náà, tàbí kí bátìrì kú. Nígbà tí o bá tàn án, ìṣísẹ̀ tí o wà gan-an lo máa bá. Ẹni tó kú sì wà ní òkú, o ò lè padà sẹ́yìn lọ jí i àfi kí o tún ìjà náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò kan ìjà.